Kíbọ́ọ̀dù ThinkPad kọ̀, kò yọ, mo sì ti tú súkúrù rẹ̀. Ẹ gbà mí o!

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · Àbámẹ́ta, 9:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fóònù ni mo fi ń kọ èyí, torí láptọ́ọ̀pù náà wà lórí tábìlì níwájú mi, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. ThinkPad T430 ni, tòkunbọ̀ tí mo rà lọ́dún tó kọjá. Lọ́sẹ̀ tó lọ, àbúrò mi gbé ife mọ́ọ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá na ọwọ́ mú ṣájà. Ẹ ti mọ ìyókù. Mo dojú rẹ̀ dé lójú ẹsẹ̀, mo nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì. Ó tàn dáadáa. Àmọ́ bọ́tìnnì "o" ń tẹ ara rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kọ "ojo", "oooooojooooooo" ló ń jáde, bí ẹni tó ń ké ìbòsí. "L" àti "P" kò tiẹ̀ dáhùn.

Mo ti ra kíbọ́ọ̀dù mìíràn. Mo wo fídíò kan, mo yọ bátìrì, mo tú súkúrù méjì tó ní àmì kíbọ́ọ̀dù lára nídìí láptọ́ọ̀pù. Nínú fídíò, ńṣe ni ọkùnrin náà gbé e sókè bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Tèmi kò mira. Mo ti ọ̀bẹ bọ apá òkè, níbi tí F1 dé F12 wà, mo gbé e díẹ̀, ó dún "kaṣa", mo bá dáwọ́ dúró. Ṣé kí n fi agbára sí i ni? Iṣẹ́ àṣekágbá mi wà nínú rẹ̀, Ọjọ́rú ni mo gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Wàhálà Kò Tán · 9:20

Fi agbára sí i jàre. Kíbọ́ọ̀dù tó ti kú, kí lo tún ń ṣàánú rẹ̀ fún?

Àtúnṣe Ìkẹjà · 9:31

Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ti Wàhálà o. Kíbọ́ọ̀dù ló kú, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tíì kú.

Àbúrò, gbé ọ̀bẹ yẹn padà sí kíṣìnì kí wọ́n tó máa wá a láti fi gé àlùbọ́sà. Ibi tó o ti ọ̀bẹ bọ gan-an ni kò yẹ kí ọwọ́ kàn. T430, X230 àti T530, ọmọ ìyá ni wọ́n, 2012 ni wọ́n jáde, kíbọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n sì ń lò. Kì í ṣe láti òkè ló ti ń ṣí, láti ìsàlẹ̀ ni. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítòsí bọ́tìnnì gígùn tó ń fi àyè sílẹ̀, ní eyín kéékèèké tó wọ abẹ́ ike tí à ń gbé ọwọ́ lé. Bí eyín yẹn bá ṣì wà lábẹ́ ike, bó o pe gbogbo gìrìpá àdúgbò, kò ní gòkè.

Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ìlà bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó o wá tì í lọ sápá ojú láptọ́ọ̀pù. Mo ní kó o tì í, n kò ní kó o gbé e. Bíi mìlímítà 2 sí 3 péré ló máa rìn. Wàá rí i tí etí ìsàlẹ̀ máa yọrí, nígbà náà ni wàá fi èékánná gbé e. Má sì fà á o! Okùn rẹ̀ ṣì so mọ́ bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́, lábẹ́. Gbé e díẹ̀díẹ̀, yí i lé ojú láptọ́ọ̀pù bí ẹni ṣí ìwé, kó o tó máa wá orí okùn.

Kó o tó ṣe gbogbo èyí, tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ kó o dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20, láìsí bátìrì, láìsí ṣájà. Iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á jáde.

Ará Peckham · 9:44

Ẹ kú iṣẹ́, Àtúnṣe. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ fi kún un: iṣẹ́ àṣekágbá ńkọ́? Àbúrò, ṣé o ti dà á sí fíláàṣì? Bí o kò bá tíì ṣe é, dá bátìrì padà, tan ẹ̀rọ náà, kó o da iṣẹ́ rẹ síta kó o tó tún fọwọ́ kan súkúrù kankan. Bí o kò bá ní kíbọ́ọ̀dù onípúlọ́ọ̀gì, Windows ní èyí tó máa ń hàn lójú, Windows, Ctrl àti O ni kó o tẹ̀ pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 9:47

Ẹ̀gbọ́n, O kẹ̀?

Ará Peckham · 9:49

Háà. Má bínú. Yá kíbọ́ọ̀dù USB lọ́wọ́ aládùúgbò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 10:26

Mo ti da iṣẹ́ náà sí fíláàṣì méjì, mo tún fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi. Mo wá tì í bí Ẹ̀gbọ́n Àtúnṣe ṣe sọ. Apá òsì rìn díẹ̀, mo rí i kedere. Apá ọ̀tún kò kúrò lójú kan. Ó wá dúró wẹ́gẹ́wẹ́gẹ́ báyìí, bíi dúróà tí igi rẹ̀ ti wú. Mo tún tì í, ìka mi ti ń pọ́n.

Ìyá Ìbejì · 10:38

Ọmọ mi, ibo ni mọ́ọ̀tì yẹn dà sí? O, L, P, apá ọ̀tún ni gbogbo wọn wà. Mọ́ọ̀tì tó bá ti gbẹ kì í ṣe omi mọ́, àtè ni. Ṣé ẹ kò rí ilẹ̀ kíṣìnì tí ọmọdé da mọ́ọ̀tì sí tí a kò tètè nù? Sálúbàtà á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní, mo ti rí tíì oníwàrà, mo ti rí sóbò, mo ti rí ọbẹ̀ pàápàá. Omi lásán kì í ṣe nǹkan púpọ̀ fún irú ThinkPad yẹn, torí wọ́n ní ihò lábẹ́ tí omi ń gbà jáde. Ṣúgà ni kì í bá omi jáde. Lọ ra sípíríìtì ní kẹ́míìsì, fi òwú tí a fi ń nu etí mú díẹ̀, kó o máa fi kán etí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ kó jókòó fún bí ìṣẹ́jú 5 kó o tó tún un tì. Má da ìgò lé e o! Bátìrì kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí iná sítóòfù nítòsí. Sípíríìtì kì í ṣeré.

Wàhálà Kò Tán · 10:45

Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Láptọ́ọ̀pù mi kò tíì pé ọdún méjì, kò sí súkúrù kankan tó ní àmì kíbọ́ọ̀dù nídìí rẹ̀. Ṣé mo lè tì í bẹ́ẹ̀?

Tísà Ìlọrin · 11:02

Wàhálà, má dán an wò. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní, inú ni wọ́n ti ń so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ike òkè. Wọ́n á ti orí ọ̀pá ike kéékèèké yọ láti inú ihò kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fi iná yọ́ orí wọn kó lè tẹ́ bí orí ìṣó. Kó o tó débẹ̀, wàá ti tú ìdí rẹ̀, wàá yọ bátìrì, wàá yọ bọ́ọ̀dù, fáànù, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà lo máa wá gé ọ̀pá ike wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè ju àádọ́ta lọ. Ẹlòmíì kàn máa ń ra ike òkè pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pọ̀ ni, ó sì jọ pé òun ló gbọ́n jù.

Ti Apple náà kò dẹrùn. Kíbọ́ọ̀dù "butterfly" tí wọ́n gbé jáde ní 2015 lórí MacBook kékeré, eruku díẹ̀ ti tó láti dá bọ́tìnnì rẹ̀ dúró. Ní oṣù kẹfà 2018 ni wọ́n gbà láti máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí pé kíbọ́ọ̀dù ti di ara kan náà pẹ̀lú ike òkè, tí wọ́n sì ti fi gúlù lẹ bátìrì mọ́ ọn, bọ́tìnnì kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n pààrọ̀ òkè àti bátìrì pa pọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: bàtà já, wọ́n ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Àwọn ti àtijọ́ ló rọrùn, àmọ́ kálukú pẹ̀lú àṣà tirẹ̀. Acer àtijọ́ ní ìkọ́ kéékèèké lókè, abẹ́ ojú, tí ẹ máa fi sukudíráfà pẹlẹbẹ tì sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dell Latitude bíi E7450 ní férémù tó yí bọ́tìnnì ká, òun lẹ máa kọ́kọ́ ṣí kí súkúrù tó hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n wá fídíò tó bá nọ́ńbà ẹ̀rọ wọn mu gẹ́lẹ́, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 12:15 ọ̀sán

Mo ti kán sípíríìtì sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi aláwọ̀ ilẹ̀ ń jáde, ó ń rùn bíi mọ́ọ̀tì gan-an, ebi tiẹ̀ ń pa mí. Apá ọ̀tún ti rìn díẹ̀. Àmọ́ igun kan ṣoṣo, lábẹ́ bọ́tìnnì ọfà, kò gbà rárá.

Ará Peckham · 12:22

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Orí súkúrù tó o tú yẹn, ṣé ó dán, àbí ó ti họ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 12:25

Ọ̀kan dán. Ìkejì ti họ, agbelebu orí rẹ̀ ti fẹ́ di ihò roboto. Mo ní láti fi ọwọ́ tẹ sukudíráfà mọ́lẹ̀ gan-an kó tó yí.

Ará Peckham · 12:28

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti tú u rí kó tó dé ọwọ́ rẹ. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ, wo igun yẹn láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Kí lo rí láàárín kíbọ́ọ̀dù àti ike?

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 12:36

Nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀ tó ń dán, ó tẹ́ pẹlẹbẹ. Nígbà tí mo gbé igun náà díẹ̀, ó fà bí ilá.

Àtúnṣe Ìkẹjà · 12:41

Tépù olójú méjì! Mo mọ ẹni tó ṣe é. N kò mọ orúkọ rẹ̀ o, ìwà rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó ti fa kíbọ́ọ̀dù yẹn láti òkè bí ìwọ náà ṣe fẹ́ ṣe láàárọ̀, eyín kan bá kán. Igun náà wá ń ru sókè, ó bá fi tépù lẹ̀ ẹ́ kó lè tà á. ThinkPad kì í ní tépù níbẹ̀ láti iléeṣẹ́.

Ooru ló máa tú u. Dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun, gbé e sí àárín, má gbé e sí ooru tó ga jù. Fẹ́ ẹ sí igun yẹn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, máa mi ọwọ́ rẹ, má jẹ́ kó dúró lójú kan, torí ike lè ká. Kó o wá fi káàdì ATM tó ti kú bọ abẹ́ rẹ̀, kó o máa rìn ín lọ rìn ín bọ̀ bí ẹni fi ayùn gé igi, ní pẹlẹbẹ. Bó bá tún ti le, tún fẹ́ ooru sí i. Má fi irin bọ ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 12:50

Wọ́n ti mú iná lọ.

Ìyá Ìbejì · 12:52

Ṣé kò sí onídìrí ládùúgbò yín ni? Jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sùn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Wàhálà Kò Tán · 12:58

😂😂 Láptọ́ọ̀pù fẹ́ lọ ṣe irun.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 3:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó ti yọ!! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Onídìrí tó wà ní ìsọdá kejì. Àwọn mẹ́rin ló jókòó ṣe irun. Mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ní kí n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ìyá Onídìrí fúnra wọn ló di dráyà mú, wọ́n ní èmi kò mọ̀ ọ́n dì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ ni mo ń ti káàdì bọ̀ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ọ tó ń ya ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń bó awọ pọ̀nmọ́. Mo tì í sápá ojú, ó rìn lódindi, etí ìsàlẹ̀ bá yọrí bí Ẹ̀gbọ́n Àtúnṣe ṣe sọ gẹ́lẹ́.

Abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi han àlejò. Mọ́ọ̀tì ti gbẹ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀kọ, irun wà níbẹ̀, èèpo ẹ̀pà wà níbẹ̀, n kì í sì í jẹ ẹ̀pà nídìí láptọ́ọ̀pù, nítorí náà ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni. Eyín igun yẹn ti kán lóòótọ́. Tépù náà wà níbẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ níbi okùn. Inú mi dùn, mo fà á sọ́dọ̀ ara mi díẹ̀, okùn náà le gbandi. Mo rántí "má fà á". Mo dá a padà.

Àtúnṣe Ìkẹjà · 3:48

O ṣe é! Orí okùn ti T430 kò ní ìlẹ̀kùn. Ó kàn wọ inú bọ́ọ̀dù bí ìgbà tí a tẹ bọ́tìnnì ẹ̀wù tó ń dún "tó". Wá ahọ́n kékeré tó wà lára rẹ̀, gbé e sókè tààrà, má tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó o bá ń dá tuntun padà, gbé e lé ojú rẹ̀ gan-an, kó o fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ títí wàá fi mọ̀ ọ́n lára pé ó wọlé.

Tísà Ìlọrin · 3:55

Ẹni tó bá ń ka èyí tí tirẹ̀ kì í ṣe ThinkPad, kó ṣọ́ra níbí o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn, okùn pẹlẹbẹ bíi bébà ló ní, tó wọ inú ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìlẹ̀kùn ike. Irú ìlẹ̀kùn kan wà tí à ń fi èékánná gbé dúró. Òmíràn wà tí à ń fà síta díẹ̀ láti etí méjèèjì. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣì wà ní títì tí ẹ fa okùn, ojú rẹ̀ á họ, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ìlẹ̀kùn yẹn bá sì kán, ẹ̀ ń wá ẹni tó máa jó ẹnu tuntun mọ́ bọ́ọ̀dù nìyẹn.

Ìyá Ìbejì · 4:03

Kó o tó fi tuntun sí i, nu abẹ́ yẹn dáadáa. Sípíríìtì díẹ̀ lára aṣọ, má jẹ́ kó ṣàn. Tí mọ́ọ̀tì bá kán sí bọ́ọ̀dù, wàá rí àmì funfun tàbí àwọ̀ ewé níbẹ̀. Ṣé o rí irú rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 4:10

Rárá, mà. Bọ́ọ̀dù mọ́. Ara kíbọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀ dúró sí.

Ìyá Ìbejì · 4:12

Ọlọ́run ṣeun. Mọ́ọ̀tì náà bá ọ ṣàánú.

Ará Peckham · 4:20

Kó o tó dè é, so okùn, dá bátìrì padà, tàn án, kó o tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Notepad, ibi ìkọ̀wé lásán tó wà nínú Windows. Lẹ́yìn náà yọ bátìrì kó o tó dè é. Mo ti rí ẹni tó de súkúrù tán, tó lẹ tépù tán, kó tó mọ̀ pé kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n tà fún un ti T420 ni. T420 ti 2011 ní ìlà bọ́tìnnì méje, T430 ní mẹ́fà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · Àìkú, 7:05 àárọ̀

Láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń kọ eléyìí. Òjò. Ọjọ́. Ológbò. Ẹ wò ó, "o" kan, kan, kan! L ń dáhùn, P ń dáhùn. N kò lo tépù kankan níbi eyín tó kán, torí tuntun ní eyín tirẹ̀, ó sì bá ibẹ̀ mu.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá tẹ Shift àti 2, àmì @ ló wà lórí bọ́tìnnì, àmọ́ " ló ń jáde. Ímeèlì mi kò lè wọlé.

Tísà Ìlọrin · 7:31

Tòkunbọ̀ rẹ, ìlú ọba ló ti wá, kíbọ́ọ̀dù tuntun sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Wo bọ́tìnnì Enter: ti tẹ́lẹ̀ ga bí àtẹ̀gùn, ti tuntun tẹ́ gbọọrọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Windows ṣì rò pé ti Bìrìtìkó ni. Lọ sí ètò èdè, fi kíbọ́ọ̀dù US kún un, kó o yọ UK kúrò. Bó ṣe di dandan pé o ń kọ Yorùbá báyìí, fi ti Yorùbá náà kún un, kó o lè rí ẹ àti ọ tẹ̀ dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 7:40

Ó ti ṣe é, sà. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ìyá Onídìrí kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ fọ́ọ̀mù JAMB ọmọ wọn nígbà tó bá yá.

Àtúnṣe Ìkẹjà · 7:52

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Káàdì ATM wo lo wá lò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 7:58

Èyí tó ti kú ni. Ó ti họ gan-an, etí rẹ̀ ti ká.

Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ̀kọ́lá · 8:03

Ẹ dúró ná. Èyí tó ti kú wà nínú àpò mi.